Àwo Funfun Tí Ràímì Kò Yẹ̀ Wò

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Ràímì Àlàbí fi ṣe akọ̀wé ẹrù ní rélùwéè Ọ̀fà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹrù kan tó gba iwájú rẹ̀ kọjá tí kò yẹ̀ wò. Bí àpò iyọ̀ bá ń jò, ó rí i. Bí wọ́n bá ti tú okùn páálí kan lójú ọ̀nà tí wọ́n tún un dì, Ràímì yóò fi àtàǹpàkò tẹ kókó rẹ̀, yóò ní, "Ọwọ́ kejì ti kan èyí." Tó bá kan àwo àti ìkòkò, ìka ló máa ń fi kàn án. Bó bá dún gbọn-in, ó pé. Bó bá dún kẹ̀kẹ̀, ó ti sán, ìwọ oníṣòwò yáa máa wá ẹni tí o máa bá jà. Irú ọkùnrin yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ká ní ẹlòmíràn ni, kò ní dùn mí tó báyìí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992 ni ìyá rẹ̀, Ràfátù, yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Egungun ìdí rẹ̀ yẹ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e padà wálé. Ó lè jókòó. Ó lè fi ọ̀pá rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó lè kírun lórí àga. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe mọ́ ni pé kò lè lóṣòó.

Ṣáláńgá ni wọ́n sì ń lò nílé Ràímì, ní ẹ̀yìnkùlé, ihò méjì tí wọ́n da kọnkéré sí létí. Ẹni tí kò bá lè lóṣòó kò ní nǹkan án ṣe níbẹ̀. Safiyat, ìyàwó Ràímì, ra póò tuntun, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá fi ọ̀pá tì í jáde.

"Mo da ìgbẹ́ ọmọ mẹ́jọ nù," ló wí. "Mo da ti bàbá yín nù nígbà tó ń ṣàìsàn, kò sì sú mi. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó ọmọ mi máa gbé tèmi gba àárín àgbàlá kọjá, kí àwọn ayálégbé máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ràímì ní kí káfíńtà kan àga oníhò, wọ́n gbé péèlì sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá gbà láti lò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì ni, á sì ti kọ́kọ́ ní kí gbogbo wọn jáde nílé. Nígbà náà ni Ràímì pinnu pé òun yóò gé igun kan nínú yàrá ìyá òun, òun yóò kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní wọ́tà-sísítẹ́ẹ̀mù, tí èèyàn ń jókòó lé bí ẹni jókòó sórí àga, tí omi yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó pe Gbádé púlọ́ńbà. Gbádé gbẹ́ kòtò, ó ri páìpù mọ́lẹ̀, ó mọ ògiri kékeré, ó kù kí wọ́n ra àwo funfun tí èèyàn ń jókòó lé náà.

Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo Gbádé bó ti ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. "Àlàbí," ó pe ọmọ rẹ̀, "ọjọ́ tí mo bá jókòó lórí nǹkan yẹn, iyán ni màá jẹ. Kí Safiyat fi iṣu Òjòkú kan pamọ́ dè mí. Iyán gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bù fún ẹyẹ."

Ìtura Ilé ni ibi tí gbogbo Ọ̀fà ti ń ra nǹkan ìkọ́lé nígbà náà. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣí i ní ọ̀nà Ìjàgbó. Ilé ìtajà náà tóbi bíi pápá ilé ìwé. Sìmẹ́ńtì, páànù, ilẹ̀kùn, táìsì, kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ONÍBÀÁRÀ LỌBA. Ó dáa. Bí oníbàárà bá jẹ́ ọba lóòótọ́, a jẹ́ pé ọba tí wọ́n ń lé kiri láti fèrèsé dé fèrèsé ni.

Máníjà ibẹ̀ ni Alhaji Abdulganiyu, ẹ̀gbọ́n Safiyat tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ràímì fi ọdún mẹ́fà jù ú, ṣùgbọ́n kí nìyẹn? Ẹni tó fún ọ ní ìyàwó ti fún ọ ní ohun tí o kò lè san tán láyé. Bó bá kéré sí ọ, o ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ìwọ náà ni o ó sì kọ́kọ́ kí i. Ọgbọ̀n ọdún ó dín ni Ràímì fi bọ̀wọ̀ fún àna rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì bá ara wọn jà rí.

Lọ́jọ́ tó lọ ra àwo náà, Lukman tó ń tọ́jú ilé ẹrù gbé páálí jáde, ó fa ọ̀bẹ yọ. "Baba, ẹ jẹ́ n ṣí i, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé."

Abdulganiyu dúró nítòsí, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ràímì wo ọ̀bẹ, ó wo àna rẹ̀. Lójú rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ní kó ki ọwọ́ bọ àpò àna rẹ̀ láàárín ọjà ni.

"Lukman, fi ọ̀bẹ rẹ pamọ́," ó wí. "Ọ̀dọ̀ àna mi ni mo ti rajà. Ta ní í tú ẹrù àna rẹ̀ wò lójú rẹ̀?"

Inú Abdulganiyu dùn débi pé ó bá a gbé ẹ̀gbẹ́ kan páálí náà dé ìdí takisí. Ràímì sì ti fọwọ́ síwèé: Mo gbà á ní pípé, kò ní àbùkù kankan. Akọ̀wé ẹrù ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fọwọ́ sí i, láìrí ohun tó wà nínú páálí.

Gbádé ló ṣí i nílé. "Baba, ẹ wá wo nǹkan yìí." Àwo náà ti sán láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu ibi tí páìpù ń wọ̀. Ràímì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kàn án, nǹkan tí kò ṣe láti ọdún mẹ́rin tó ti fẹ̀yìn tì. Kẹ̀kẹ̀ ló dún.

"Ṣé ó ti parí?" Ìyá béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún wa, Ìyá. Kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sí Ìtura Ilé. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀dùn oníbàárà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fọlákẹ́ ló jókòó sí ìdí tábìlì náà, fọ́ọ̀mù funfun lápá òsì, fọ́ọ̀mù pupa lápá ọ̀tún. Ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ni. Ó kúnlẹ̀ kí Ràímì, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó wá béèrè pé, "Baba, ṣé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni? Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi, kí n kọ ọ́ sínú èyí tó pupa."

Ẹ gbọ́ mi o. Ìdí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kó sọ. Ṣùgbọ́n èèyàn márùn-ún ló tò sẹ́yìn Ràímì. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé àwọn Áńgílíkà tí wọ́n jọ ń kí ara wọn, méjì jẹ́ ọmọkùnrin tó ń ra ọ̀dà. Báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe la ẹnu rẹ̀ láàárín wọn, kó ní ìyá òun kò rí ibi ṣe ìgbọ̀nsẹ̀? Kó sọ ọ́ fún ọmọ kékeré tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀? Ìtìjú ìyá rẹ̀ ni ìtìjú tirẹ̀. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe.

"Rárá o," ó wí. "Kì í ṣe pàjáwìrì. Funfun náà tó."

Bí fọ́ọ̀mù funfun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ nìyẹn. Fèrèsé kejì ní kó mú rìsíìtì wá. Ó mú un wá. Fèrèsé kẹta ní kí púlọ́ńbà kọ lẹ́tà. Gbádé kò mọ̀wé kọ, Ràímì bá a kọ ọ́, Gbádé tẹ̀ka sí i. Wọ́n ní àwọn kò mọ Gbádé, kó gbé àwo náà fúnra rẹ̀ wá. Ó háyà takisí, ó gbé e wá. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè wò ó àfi ọ̀gá tó ń ti Ìbàdàn wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó dé ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ti wá, ó ti lọ. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ONÍBÀÁRÀ LỌBA, ó ń wo bí fáànù ṣe ń yí. Kò sí ẹni tó bú u. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ gbóhùn sókè sí i. Wọ́n ń pè é ní Baba, wọ́n ń kí i kú ìjókòó, wọ́n ń ní kó fi sùúrù sí i, ó sì ń padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Safiyat ní òun yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n òun. Ràímì kọ̀ jálẹ̀. "Kí wọ́n lè ní mo fi ìyàwó ránṣẹ́ láti fẹ̀sùn kan àna mi? Èmi náà ni màá lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Abdulganiyu dìde fún un, ó fún un ní mọ́ọ̀tì tútù, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mọ́ọ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni Ràímì tó mẹ́nu kan àwo.

"Mo gbọ́ ọ," ni Abdulganiyu wí. "Ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ó ti kúrò lọ́wọ́ wa níbí, funfun gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn kó tó padà. Àbí ẹ ń kánjú lò ó ni? Ẹ sọ fún mi."

Ràímì wo ife ọwọ́ rẹ̀. Lójú àna, a kì í sọ ohun tó ń lọ nínú yàrá ìyá ẹni. "Kò sí wàhálà kankan, Alhaji," ó wí. "A kàn ń tún ilé ṣe díẹ̀díẹ̀ ni."

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ràímì kò sunkún, kò sì ríran.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n rí i pé àwo náà ti sán ni péèlì abẹ́ àga oníhò dojú dé mọ́ Ìyá lẹ́sẹ̀. Ó ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, ó ba ẹní ìkírun rẹ̀ jẹ́. Safiyat nu ilẹ̀, ó fọ aṣọ, ó fọ ẹní, inú rere ló sì fi ṣe é. Ìyá kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Ràímì.

"Àlàbí, mo fẹ́ máa gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kẹ̀, Ìyá? Ọlọ́run ò fi dandan ṣe é fún arúgbó. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì sì ti lọ."

"Àwọn tí mo jẹ lẹ́yìn ni. Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí. Ìgbà mélòó ni Ràmàdáànì bá mi nínú oyún, tó bá mi lórí ìkókó lẹ́yìn? Mi ò san wọ́n tán. Mo fẹ́ san wọ́n kí n tó lọ bá Olúwa mi."

Kí ni ọmọ fẹ́ wí sí ìyẹn? Orí Ràímì wú. Láti ọjọ́ náà, Safiyat a fún Ìyá ní ògì díẹ̀ ní sààrì, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé oúnjẹ ìṣínu wọlé tọ̀ ọ́, Ìyá á sì ní kó ti ilẹ̀kùn, òun kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun lẹ́nu bí òun bá ń jẹun. Ìgbà tí Safiyat bá padà wá, abọ́ ti ṣófo. Péèlì náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan nínú mọ́, wọ́n sì rò pé ara rẹ̀ ló ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ràímì sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé ìyá òun ń san ààwẹ̀ ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àwọn èèyàn mi orí. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti rí ọ̀nà Àlùjánńnà. Ó rìn wálé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Ìyá kò béèrè. "Ṣé àwo yẹn ti dé?" Bí Ràímì bá ní kò tíì dé, á ní, "Kò burú." Ojú rẹ̀ ń jìn. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń tín-ín-rín. Ràímì rí i, ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó rí i, ààwẹ̀ ló sì pè é.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ọ̀gá Ìbàdàn dé, ó sì wo àwo náà. Ó fa ìwé kan yọ. "Baba, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé ó pé, kò lábùkù. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe nílé yín ló ti sán?" Ràímì wo ìfọwọ́sí ara rẹ̀. Àìmọye ìgbà ló ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún àwọn oníṣòwò ní tésàn rélùwéè, kò sì ronú rí nípa ojú tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá náà ṣàánú rẹ̀ níkẹyìn, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbé tuntun wá.

Ó yára délé. Ìyá dùbúlẹ̀, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ti dé?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìyá ronú díẹ̀, bí ẹni tó ń wọn ọ̀nà tó kù. "Ó dáa," ó wí. "Mo ṣì lè mú un mọ́ra díẹ̀ sí i."

Láàárọ̀ Jímọ̀, nígbà tí Safiyat gbé omi àlùwàlá wọlé, ó ti kú.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo èèyàn ló ń kí Ràímì pé ìyá rẹ̀ bá ọjọ́ rere lọ, ó kú lórí ààwẹ̀, ó kú ní Jímọ̀, kí ni èèyàn tún ń wá? Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fa Safiyat sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra béèrè ohun tí ìyá àgbà náà ń jẹ, nítorí kò wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Ràímì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́. Àwọn ewúrẹ́ ilé dìde níbi tí wọ́n sùn sí. Mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n rìn tààrà lọ sábẹ́ fèrèsé yàrá Ìyá, wọ́n dúró, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n dúró síbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí kí wọ́n pín oúnjẹ. Nígbà tí nǹkan kan kò bọ́ sílẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí ké.

Ràímì dìde. Ó rí ìdọ̀tí àkàrà tó gbẹ mọ́ igi fèrèsé. Ó rí ibi tí ògì ti ṣàn sára ògiri lọ́pọ̀ ìgbà, tó funfun láti òkè dé ilẹ̀. Ó tún wo ewúrẹ́, bí wọ́n ti sanra tó. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá yé e. Ìyá kò gba ààwẹ̀ kankan nítorí ọmọ mẹ́jọ. Ó mọ̀ pé ohun tó bá wọlé ní láti jáde, kò sì ní ibi tí yóò gbé e gbà jáde láìdójúti ara rẹ̀, ló bá ti ẹnu ọ̀nà pa. Ó ń dúró de àwo funfun. Ràímì di ògiri náà mú, ó sunkún kíkan, kò bìkítà nípa ayálégbé tó ń wò ó.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ń ṣe fídáù, tí àwọn àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, ni ọkọ̀ Ìtura Ilé yà sí iwájú ilé. Lukman sọ̀ kalẹ̀, ó gbé páálí. Nígbà tó rí èrò, ó fẹ́ padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ràímì ti dìde, ó ń bọ̀. Abdulganiyu náà dìde láàárín àwọn tó wá bá wọn ṣàdúà, ó tẹ̀ lé e. Safiyat ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ ò sọ fún mi pé Ìyá ló fẹ́ lò ó," ni Abdulganiyu wí. "Ọjọ́ méjì ni fọ́ọ̀mù pupa máa ń gbà. Ọjọ́ méjì péré. Mo béèrè lọ́wọ́ yín."

"Ẹ béèrè, Alhaji. Èmi ni mi ò lè sọ ọ́."

Lukman na ìwé sí i pé kó fọwọ́ sí i. Ràímì kò gbà á. Ó ní kó fún òun ní ọ̀bẹ.

"Àna mi," Abdulganiyu rọra wí, "ẹ má wulẹ̀ ṣí i níwájú èrò. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi."

Ràímì dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. "Ẹ forí jì mí, Alhaji," ó wí. "Ó yẹ kí n ti ṣí i lọ́jọ́sí."

Ó dìde, ó gé okùn, ó gbé àwo náà jáde lójú gbogbo wọn. Ó yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ó ki ọwọ́ bọ ibi tí páìpù ń gbà wọlé, ó fọwọ́ ra etí rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kàn án. Ó dún gbọn-in, àwọn àlùfáà tó wà lórí ẹní pàápàá gbọ́ ọ. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pé, kò ní àbùkù kankan, ó sì fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á.